Ínhélà Búlúù Méje: Ohun Tí Apòògùn Rí Nínú Rìpíìtì Mi

Tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ tàbí ti kọ̀ǹpútà. Ara mi ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ikọ́ fée, tàbí tí ẹnì kan nílé yín ní in, lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Sátidé Àjíǹde ọdún 2025 ni, ní ìlú Leeds tí mo ti ń kàwé. Mo jí ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìdájí, àyà mi ń súfèé. Ìyẹn ò jẹ́ tuntun sí mi. Mo nawọ́ mú ínhélà búlúù mi lórí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo dúró díẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń fọ́n "fùù" bó ṣe máa ń fọ́n, àmọ́ àyà ò tú. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó yé mi pé gáàsì lásán ni mò ń fà sínú. Oògùn ti tán nínú agolo yẹn. Gáàsì tó ń tì í jáde nìkan ló ṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ ínhélà búlúù ni kò ní nọ́ńbà tó ń ka iye tó kù, nítorí náà ó lè máa dún létí yín bí ẹni pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé.

Mo ṣí áàpù NHS lórí fóònù, mo béèrè òmíràn. Áàpù ní òun ti fi ránṣẹ́ sí GP mi, ìyẹn dókítà àdúgbò tí olúkúlùkù ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ níbí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Good Friday ni àná, Easter Monday ló ń bọ̀ yìí. Wọ́n ti tilẹ̀kùn di Túsìdé.

Bọ̀ọ̀dá kan tí a jọ ń gbé ilé, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbọ́ ikọ́ mi ní kíṣìnnì.

"Àbúrò, kí ló dé tó o ń mí bí ẹni tó sáré wá láti Ṣágámù?"

"Ẹ̀gbọ́n, ínhélà mi ló tán. GP sì ti tì."

"Ta ló ń sọ ti GP? Wọ bàtà, jẹ́ ká lọ bá àwọn fámásì. Àbí bísíkíìtì lo rò pé wọ́n ń tà níbẹ̀ ni?"

Kí n sòótọ́, mi ò mọ̀ pé wọ́n lè ṣe nǹkan kan fún mi láìsí ìwé dókítà. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ti ń na àpò bébà síni ni fámásì.

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí oògùn ṣe ń dé ọwọ́ èèyàn ní Íńgílándì, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Nílé, bí ínhélà bá tán, kẹ́míìsì ni mò ń lọ. Mo sanwó, ó parí. Níbí, salbutamol tó wà nínú ínhélà búlúù jẹ́ oògùn tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní ìwé oògùn kó tó rí i gbà. Àmọ́ bí àìsàn bá jẹ́ irú èyí tí ń báni gbé, GP ò ní máa pè yín wá lóṣooṣù nítorí oògùn kan náà. Wọ́n á to orúkọ àwọn oògùn yín sínú àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní repeat prescription. Rìpíìtì la ń pè é nílé wa, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe pè é níbí. Bó bá ti ń tán lọ, ẹ ó wọ inú áàpù NHS tàbí ìkànnì GP yín, ẹ ó fi àmì sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹni tí fóònù ò bá rọ̀ lọ́rùn lè fi àmì sí bébà tó máa ń bá oògùn wá, kó sì lọ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. GP á yẹ̀ ẹ́ wò, á fọwọ́ sí i, ìwé náà á sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí fámásì tẹ́ ẹ bá yàn. Ó lè gbà tó ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kéèyàn béèrè nígbà tí oògùn bá ṣì kù tó máa tó o fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Èmi o, ọjọ́ tó bá tán gan-an ni mo máa ń rántí.

A dé fámásì. Apòògùn tó wà níbẹ̀, obìnrin kan tó ti dàgbà díẹ̀, wò mí lẹ́ẹ̀kan ó ní kí n jókòó. Kò tíì béèrè orúkọ mi tó fi ní kí n sọ gbólóhùn gígùn kan láìdúró mí. Mo sọ ọ́ tán, agbára káká. Ó wo ètè mi, ó wo bí mo ṣe ń mí. Ó ní ká ní mi ò lè sọ ọ́ tán ni, tàbí tí ètè mi ti ń yí àwọ̀ padà, 999 ni òun ì bá kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí nípa oògùn: èwo ni mò ń lò, láti ìgbà wo, ìgbà wo ni mo lò ó kẹ́yìn. Ó wo àkọsílẹ̀ mi nínú kọ̀ǹpútà wọn, ó sì gbé ínhélà búlúù tuntun kan fún mi.

Òfin Ìlú Ọba fún apòògùn láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, tí oògùn náà jẹ́ èyí tí wọ́n ti ń kọ fún yín tẹ́lẹ̀, tí kò sì sí ọ̀nà tẹ́ ẹ fi lè tètè rí ìwé gbà, apòògùn lè fún yín ní èyí tó máa tó yín lò fún ìgbà díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ti ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Bó bá jẹ́ ínhélà, odindi ẹyọ kan ni. Ó gbọ́dọ̀ bá yín sọ̀rọ̀ kó sì dá a lójú. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ tẹ́ ẹ lè bá a jà sí. Ọ̀pọ̀ oògùn tí òfin ń ṣọ́ lójú méjèèjì, irú èyí tó lè di bárakú, kò sí nínú ètò yìí. Fámásì sì lè gba owó tó bá wù wọ́n lórí rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá kọ́kọ́ pe 111, tí àwọn ló darí yín lọ sí fámásì, iye tí NHS ń gbà lórí ìwé oògùn náà lẹ máa san.

Ó ní kí n lo ínhélà náà níwájú òun. Mo ṣí i, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu, fíì fíì, bí ẹni tó ń fín lọ́fínńdà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ọ̀fun mi ni mò ń fọ̀. Bó ṣe kọ́ mi nìyí: ẹ mì ín dáadáa, ẹ kọ́kọ́ mí èémí inú yín jáde, ẹ fi ètè bò ó, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fà á lọ, kẹ́ ẹ wá sé èémí dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ó tún mú ike gbọọrọ kan jáde tí wọ́n ń pè ní spacer. Ẹ ó ki ínhélà bọ ẹnu rẹ̀ kan, ẹ ó fi ẹnu yín sí ìkejì; oògùn á dúró sínú rẹ̀ títí ẹ ó fi fà á. Mo ti ń lo ínhélà láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi rí.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àyà mi ti tú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, mo ti ń wá ọ̀nà àtilọ. Ó ní kí n dúró. Ó mú mi wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Láti oṣù Kẹsàn-án tí mo ti dé: búlúù méje, búráùn ẹyọ kan. Ó bi mí pé kí ló ṣe búráùn?

Mo ní mo máa ń gbàgbé ni. Irọ́ ni.

Ẹ wò ó, owó ni. Kí n tó kúrò nílé, mo ti san owó ìlera pẹ̀lú físà, 776 pọ́ùn fún ọdún kọ̀ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́. Mo rò pé ìyẹn ti kárí gbogbo rẹ̀. Kò kárí owó oògùn. Ní Íńgílándì, oògùn kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ìwé, 9.90 pọ́ùn ni, kódà bó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan náà lẹ gbà wọ́n. Ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń lo oògùn sí i kì í san ní Íńgílándì náà, àwọn aláboyún kì í san, àwọn tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún kì í san. Ikọ́ fée ò sí nínú àwọn àìsàn tí wọ́n yọ̀ǹda. Kí nìdí? Àkọsílẹ̀ yẹn ti wà láti ọdún 1968, díẹ̀ ni wọ́n sì tún un ṣe láti ìgbà náà. Ó ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n ìyẹn dọjọ́ mìíràn.

Nítorí náà, lóṣooṣù tí mo bá ṣí áàpù, tí mo rí búlúù àti búráùn, mo máa ń ronú pé: búlúù ń ṣiṣẹ́, mo mọ̀ ọ́n lára, búráùn, mi ò mọ ohun tó ń ṣe. Mo máa ń yọ àmì kúrò lórí búráùn. 9.90 pọ́ùn tí mo fi pamọ́ nìyẹn o.

Ohun tí obìnrin yẹn wá ṣàlàyé fún mi, mo ti lọ kà sí i láti ìgbà náà, nìyí. Ẹ fojú inú wo igi kan tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Ìtí rẹ̀ ni òpó èémí tó gba ọ̀fun sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ni àwọn òpó kéékèèké tó tàn ká inú ẹ̀dọ̀fóró. Nǹkan méjì ló ń ṣe àwọn ẹ̀ka kéékèèké yẹn lára ẹni tó ní ikọ́ fée. Ìkíní, ara inú wọn máa ń wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ìwúlé yìí lè wà níbẹ̀ kódà lọ́jọ́ tí ara bá dá ṣáṣá. Ìkejì, iṣan tó yí òpó náà ká máa ń fún un mọ́ra bí nǹkan bá tọ́ ọ: òtútù, eruku, èéfín, ọ̀fìnkìn, irun ológbò, àtíkè òdòdó ìgbà ìrúwé. Òpó tó ti wú nínú, iṣan tún wá ń fún un lọ́rùn láti ìta. Súfèé tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn, afẹ́fẹ́ tó ń fipá gba ihò tóóró kọjá.

Búlúù, ìyẹn salbutamol, iṣan yẹn ló ń bá sọ̀rọ̀. Á ní kó tú, iṣan á sì tú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fún wákàtí bíi mẹ́ta sí márùn-ún. Kì í tọ́jú ìwúlé inú. Búráùn tèmi, beclometasone, ló ń bá ìwúlé jà. Sítẹ́rọ́ìdì ni, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ kéré, inú ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń lọ tààrà; kẹ́ ẹ ṣáà ti yọ omi sẹ́nu kẹ́ ẹ tu ú dà nù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lò ó, kí ẹnu má bàa funfun. Kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀. Bí òrùlé bá ń jò, búlúù ni ẹni tó ń gbá omi nínú pálọ̀, búráùn ni ẹni tó gun òkè lọ dí ihò. Ẹni tó ń gbá omi lojú wa ń rí, òun la sì ń kí kú iṣẹ́.

Wàyí o, ẹ bá mi ṣírò. Agolo búlúù kan ní 200 ìtẹ̀ nínú. Bí mo bá ń lo ọ̀kan tán lóṣù, ó ju ìtẹ̀ mẹ́fà lọ lójúmọ́, lójoojúmọ́. Àjọ àgbáyé tó ń kọ ìlànà ikọ́ fée, GINA, sọ pé ẹni tó bá ń gba agolo mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún ti wà nínú ewu kí àìsàn náà ki í mọ́lẹ̀ lójijì, àti pé ewu ikú ló ń pọ̀ sí i fún ẹni tó bá ń gba méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2014, Royal College of Physicians gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ikọ́ fée pa ní Ìlú Ọba. Àwọn 165 wà nínú wọn tí wọ́n mọ iye búlúù tí wọ́n kọ fún wọn. 65 nínú wọn ti gba ju méjìlá lọ ní ọdún tó ṣáájú ikú wọn. Ó wà nínú àkọsílẹ̀, lóṣooṣù.

Mo dákẹ́. Méje ní oṣù méje. Mo wà lójú ọ̀nà méjìlá.

Ìgbà yẹn ni mo wá sọ òtítọ́ nípa owó. Kò bá mi wí. Ó mú bíró, ó sì ṣe ìṣirò tó dójú tì mí díẹ̀. Búlúù méjìlá lọ́dún jẹ́ 118.80 pọ́ùn. Búráùn mi, ìtẹ̀ méjì láàárọ̀ àti méjì lálẹ́, agolo kan á lo àádọ́ta ọjọ́, ìyẹn bíi mẹ́jọ lọ́dún. Bí mo bá ń lò ó déédéé, búlúù kan tàbí méjì ló yẹ kó tó mi. Mẹ́wàá lápapọ̀: 99 pọ́ùn. Owó tí mò ń fi pamọ́ ti ń ná mi lówó! Ó tún sọ fún mi pé káàdì kan wà tí èèyàn lè san owó rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, 32.05 pọ́ùn fún oṣù mẹ́ta tàbí 114.50 fún ọdún kan, tí iye oògùn yòówù kẹ́ ẹ gbà kò ní lówó mọ́. Ó ń pé ẹni tó bá ń gba oògùn méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá sì kéré gan-an lè kọ fọ́ọ̀mù HC1 láti béèrè ìrànlọ́wọ́.

Ó kọ̀wé sí GP mi lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ikọ́ fée pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ohun tó bọ́ sí àkókò fún mi ni pé ní oṣù Kọkànlá 2024 ni Ìlú Ọba yí ìlànà padà: wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa fún ẹnikẹ́ni ní búlúù nìkan mọ́. Wọ́n gbé mi sórí ínhélà kan tó ní oògùn méjì nínú, budesonide tó ń bá ìwúlé jà àti formoterol tó ń tú iṣan kíákíá. Nígbàkigbà tí mo bá fà á kí àyà tú, mo ti fa oògùn ìwúlé mọ́ ọn, bí mo fẹ́ bí mo kọ̀. Ínhélà kan ṣoṣo, 9.90 kan ṣoṣo. Ẹni tó ronú kan èyí mọ irú èèyàn tí a jẹ́. Fámásì sì tún pè mí láàárín oṣù àkọ́kọ́ láti béèrè bí oògùn tuntun náà ṣe ń ṣe lára mi. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo búlúù, bí ó bá ki yín mọ́lẹ̀: ẹ jókòó, ẹ má dùbúlẹ̀. Ìtẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró bí ọgbọ̀n sí ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá kẹ́ ẹ tó tẹ òmíràn, kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Bó bá ń le sí i, tàbí tí mẹ́wàá pé tí kò rọlẹ̀, ẹ pe 999.

Àbúrò mi kan wà ní Abẹ́òkúta, tòun náà ò yàtọ̀ sí tèmi. Tiẹ̀ tún le jù, torí kò sí áàpù kankan níbẹ̀ tó ń ka iye tó rà. GSK tó ń ṣe Ventolin kéde ní oṣù Kẹjọ 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, owó ínhélà sì fò sókè lẹ́yìn náà débi pé ẹlòmíràn ń ṣọ́ ìtẹ̀ lò. Mo ní kó má rà á lọ́dọ̀ kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé mọ́, kó wá fámásì tí apòògùn gidi wà níbẹ̀. Àjọ Pharmacy Council of Nigeria ló ń fún àwọn méjèèjì níwèé àṣẹ, àmọ́ ìwé wọn ò jọra: ẹni tó ní kẹ́míìsì lè má jẹ́ apòògùn rárá. Mo ní kó máa padà sọ́dọ̀ ẹnì kan náà ní gbogbo ìgbà, kó sọ pé kí wọ́n wo bí òun ṣe ń fà á, kó sì béèrè oògùn ìwúlé. Mo tún ní kó máa kọ ọjọ́ tó bá ṣí agolo sí ara rẹ̀, kó lè mọ iye oṣù tó ń lò ó.

Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ti fi máákà dúdú kọ ọ́, ó kọ ọ́ gàdàgbà débi pé mi ò lè ka orúkọ oògùn mọ́.